Ọ̀pẹ Inú Ilé Nígbà Òtútù: Ìmọ́lẹ̀ Ni Kó Pàṣẹ fún Omi

Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pẹ inú ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Imọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ nínú oṣù Keje á máa gbẹ létí, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa pọ́n. Ẹni tó ni ín á rí i, àánú á ṣe é, á bu omi sí i. Bí kò bá rí ìyàtọ̀, á tún bù sí i. Kí oṣù Kejì tó dé, ìdí ọ̀pẹ ti rà, onílé á sì máa sọ fún àlejò pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pa á.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òtútù kò mọ̀ nípa ikú náà rárá. Omi tí a fi àánú bù ló ṣe iṣẹ́ ibi. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ọ̀pẹ nílé mọ̀ kí òtútù tó wọlé kò ju ẹyọ kan lọ: ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ iye omi tí ọ̀pẹ lè mu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín, kí omi náà dín, kí ajílẹ̀ sì dúró. Ẹni tó bá di òfin yìí mú ti borí ìdajì wàhálà. Ó sì yẹ ká gbìyànjú, torí ọ̀pẹ tí a bá mọ̀ ọ́n tọ́jú lè bá ìdílé gbé títí àwọn ọmọ á fi dàgbà tán.

Orí kan ṣoṣo ló ní

Igi ọsàn tí a gé lórí á yọ ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló wà lórí igi ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan tí ewé ti ń jáde. Ibẹ̀ ni mọ̀rìwò ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á là, tí á di imọ̀. Bí ojú yẹn bá kú, igi náà kú nìyẹn, kò sí ẹ̀ka tó máa rọ́pò rẹ̀. Ọgbẹ́ tí a bá sì dá sí ara igi rẹ̀ kì í dí. Bó ṣe wà ló máa wà títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn tó ń tọ́jú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dáadáa. Ní 1846 ni wọ́n gbin irúgbìn ọ̀pẹ kan tó wá láti ilẹ̀ Chile, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Jubaea chilensis. Ilé gíláàsì tó ń jẹ́ Temperate House ló ti dàgbà, ó sì ga títí ó fi kọjá mítà 16, tí wọ́n fi ń kà á sí ohun ọ̀gbìn inú ilé tó ga jù lọ láyé. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ ń wá òrùlé. Ká ní igi mìíràn ni, wọn ì bá gé e kúrú kó tún rú. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò ṣeé gé kúrú. Nígbà iṣẹ́ àtúnṣe ńlá tó parí ní 2018, ńṣe ni wọ́n gé e lulẹ̀. Bí ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò bá rí ọgbọ́n mìíràn dá sí i, àwa tí a ní ìkòkò kan ní pálọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ orí ọ̀pẹ wa.

Nítorí náà, mọ̀rìwò ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò. Bó bá dúró ṣánṣán, tó tutù, ìrètí ń bẹ, bí imọ̀ ìsàlẹ̀ tilẹ̀ ti burẹ́wà. Ẹ fi ìka méjì dì í mú, kí ẹ fà á sókè díẹ̀, jẹ́jẹ́. Bó bá di ara rẹ̀ mú, ara rẹ̀ le. Bó bá yọ sí yín lọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ dúdú, tó ń rùn, ọkàn igi yẹn ti rà. Ẹ má tíì sọ ìkòkò náà nù o. Ọ̀pọ̀ ìkòkò tí wọ́n ń tà lọ́jà ló jẹ́ pé igi mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n gbìn pọ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀kan lè kú kí àwọn yòókù yè.

Èwo ló wà nínú yàrá yín?

Ẹ̀yà ọ̀pẹ tó wà láyé lé ní 2,500, àmọ́ díẹ̀ ló lè gbé inú ilé. Èyí tó fara da ìnira jù nínú wọn ni kentia. Erékùṣù Lord Howe ni ilé rẹ̀, ní nǹkan bí 600 kìlómítà sí ìlà-oòrùn Ọsirélíà, níbi tó ti ń dàgbà lábẹ́ òjìji àwọn igi mìíràn. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń kó irúgbìn rẹ̀ wá sí Yúróòpù. Láyé Ọbabìnrin Victoria, èédú ló ń mú ilé gbóná, fìtílà gáàsì ló ń tàn, kọ́tìnì tó nípọn sì bo fèrèsé. Kentia gbé inú gbogbo rẹ̀ láìkú, ìdí nìyẹn tó fi kún àwọn pálọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ìgbà náà.

Chamaedorea, ọ̀pẹ kékeré tó wá láti inú igbó Mẹ́síkò àti Guatemala, náà mọ òjìji í gbé. Ó dára fún ẹni tí yàrá rẹ̀ kò gbòòrò. Rhapis tó wá láti Ṣáínà ní sùúrù bíi tiwọn. Areca, ọmọ Madagásíkà, ló pọ̀ jù lọ́jà, torí ó ń yára dàgbà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Òun náà ló ń tètè ṣàìsàn jù nígbà òtútù: ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ rárá.

Ọ̀kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ń tà á bí ọ̀pẹ, kì í sì í ṣe ọ̀pẹ. Cycas revoluta lorúkọ rẹ̀. Igi rẹ̀ kúrú, ó le, ewé rẹ̀ gún ọwọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé, èso rẹ̀ ló sì burú jù. Ó lè pa ajá tó bá jẹ ẹ́. Ẹni tó ní ajá, ológbò tàbí ọmọ tó ń rákòrò, kó má gbé e wọlé. Kentia, chamaedorea, areca àti rhapis kò ní májèlé fún ajá àti ológbò.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan máa ń bi mí bóyá ọ̀pẹ ilé wa gan-an, èyí tí à ń fún epo lára rẹ̀, lè gbé inú ìkòkò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago. Mi ò gbà wọ́n níyànjú. Bí ooru bá ti bọ́ sábẹ́ dígírí 15, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dàgbà mọ́. Èkùrọ́ rẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú ooru tó sún mọ́ dígírí 40 kó tó hù dáadáa. Ilé gíláàsì tó ń gbóná tọ̀sán-tòru ló yẹ ẹ́.

Ojú ń tan ni jẹ nípa ìmọ́lẹ̀

Lọ́jọ́ tó kúrú jù lọ nínú oṣù Kejìlá, wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 50 péré ni oòrùn ń lò lójú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ kan náà, ti Èkó ń lò ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ. Kì í sì í ṣe pé ọjọ́ kúrú nìkan. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kò ga ju dígírí 15 lọ sókè ilẹ̀, nígbà tí ti Èkó ń ga tó 60. Ìtànṣán tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyẹn ti rẹ̀ kó tó dé ojú fèrèsé, kùrukùru ọ̀run á sì tún gbà nínú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń se oúnjẹ. Bó ṣe ń se é ni ihò kéékèèké ara rẹ̀ ń ṣí, tí omi ń gba ibẹ̀ jáde, tí gbòǹgbò sì ń fa òmíràn láti inú ilẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lọ sílẹ̀, iṣẹ́ yìí á falẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Omi tí a bù ní Ọjọ́ Ajé lè wà nínú ìkòkò títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Gbòǹgbò tó wà nínú omi kò rí afẹ́fẹ́ mí. Á kú, á sì rà. Èyí tó ń dani láàmú ni pé ọ̀pẹ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà kò lè fa omi mọ́, imọ̀ rẹ̀ á rọ bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ibẹ̀ ni onílé ti ń ṣìnà, tó ń tún omi bù.

Ojú ènìyàn kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dáa fún ìmọ́lẹ̀, torí òkùnkùn tètè ń mọ́ ọn lára. Igun pálọ̀ tó mọ́lẹ̀ lójú wa lè jẹ́ òru lójú ọ̀pẹ. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé tó kọjú sí gúúsù tàbí ìlà-oòrùn láti oṣù Kẹwàá. Oòrùn Kejìlá kò lágbára tó láti jó o lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ máa yí ìkòkò díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sómi nu eruku ojú ewé: ọwọ́ kan lábẹ́ ewé, ọwọ́ kejì lókè, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Ẹ má fi òróró tàbí ohun tó ń mú ewé dán kùn ún.

Níbi tí fèrèsé kò bá tó, gílóòbù LED tí wọ́n ṣe fún ohun ọ̀gbìn lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e kọ́ sókè orí ọ̀pẹ, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, kó máa tàn fún wákàtí 10 sí 12 lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi lóru.

Ìka ni òṣùwọ̀n omi

Ẹni tó ń bomi rin ọ̀pẹ ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta torí pé Àbámẹ́ta ni, ìṣirò kàlẹ́ńdà ló ń ṣe, kò bi ọ̀pẹ léèrè. Ẹ ti ìka ìfábẹ̀là bọ inú ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ẹ bá kan ọ̀rinrin, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ dé ibẹ̀, ó tó àkókò. Ẹ tún máa gbé ìkòkò sókè wò: lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọwọ́ yín á mọ èyí tó fúyẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó wúwo. Areca kò fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ tó ti kentia kí ó tó rí omi, àmọ́ òun náà kò fẹ́ ẹrẹ̀.

Bí àkókò bá tó, ẹ bù ú dáadáa títí omi á fi máa jáde nídìí ìkòkò. Ẹ dúró tó ìdajì wákàtí, kí ẹ da èyí tó bá kù nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti inú yàrá ni kó jẹ́; omi tó tutù nini ń dá gbòǹgbò níjì. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹfun inú ilẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì ń jókòó sínú ìkòkò, á máa jó ṣóńṣó ewé. Gbígbé omi náà kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kò lè mú ẹfun yẹn kúrò. Omi òjò ló dára jù, ẹni tó bá sì ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta fún un.

Afẹ́fẹ́ tó gbẹ bí ọyẹ́

Ẹni tó bá ti gbé ìlú wa nígbà ọyẹ́ mọ bí ètè ṣe ń là, tí àwọ̀ ń họ. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni hítà ń dá sínú yàrá ní gbogbo ìgbà òtútù, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ẹ jẹ́ ká mú afẹ́fẹ́ tó gba àyè mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gíga. Bó bá tutù dé dígírí 0, kò lè gbé ju nǹkan bí gíráàmù márùn-ún omi lọ. Bí ooru rẹ̀ bá dé 20, ó lè gbé nǹkan bí gíráàmù 17. Afẹ́fẹ́ tó wọlé láti ìta tó tutù, tí hítà wá mú gbóná, kò rí omi kún ara rẹ̀. Ìdá 30 nínú 100 ohun tó lè gbé ló kù sínú rẹ̀, tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ ilẹ̀ olóoru ń fẹ́ tó ìdá 50. Ibi tó bá ti rí omi ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń fà á, ara ewé sì wà nínú rẹ̀.

Láàárín 1844 àti 1848 ni Decimus Burton àti Richard Turner kọ́ Palm House sí ọgbà Kew. Wọ́n mọ̀ pé ooru nìkan kò tó ọ̀pẹ. Títí di òní, omi ni wọ́n ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹni tó bá wọ awò ojú wọlé láti ìta nínú oṣù Kìíní á ní láti dúró nu ún kó tó ríran.

Nílé tiwa, omi tí à ń fọ́n sára ewé láàárọ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Kò burú, àmọ́ kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tú ìkùukùu omi sínú yàrá ló ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹni tí kò bá ní in, kó kó àwọn ohun ọ̀gbìn rẹ̀ jọ sí ojú kan, kí èémí wọn máa ran ara wọn lọ́wọ́. Bí fèrèsé bá wà ní ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ dára fún chamaedorea. Ohun tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí ọ̀pẹ jìnnà sí hítà.

Ooru tó mọ níwọ̀n

Láàárín dígírí 16 sí 24 ni ara ń tu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kentia lè fara da 10. Areca kò fẹ́ kó lọ sábẹ́ 13. Ewu tó fara pamọ́ wà nídìí fèrèsé lóru. Bí a bá fa kọ́tìnì bo fèrèsé, tí ọ̀pẹ wà láàárín aṣọ àti gíláàsì, inú òtútù ló sùn. Ẹ fà á síwájú kọ́tìnì kí ẹ tó lọ sùn, ẹ má sì jẹ́ kí ewé kan gíláàsì. Bí ilẹ̀ yàrá bá jẹ́ táìsì, ẹ fi pákó tẹ́ abẹ́ ìkòkò. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ìta tó ń ṣí tó ń pa.

Bí ẹ bá ra ọ̀pẹ nínú oṣù Kìíní, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fi bébà wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì gbé e lọ sílé tààrà. Wákàtí kan nínú búùtù ọkọ̀ tó tutù lè ba imọ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí àpá rẹ̀ tó hàn.

Gbogbo ọ̀pẹ kọ́ ló fẹ́ yàrá gbígbóná o. Ní ọgbà ìmọ̀ ewéko Padova ní Ítálì, ọ̀pẹ kan wà tí wọ́n gbìn ní 1585. Chamaerops humilis ni, ẹ̀yà tó ti etí òkun Mẹditaréníà wá. Akéwì ilẹ̀ Jámánì nì, Goethe, rí i níbẹ̀ ní 1786, ọ̀nà tí imọ̀ rẹ̀ ń gbà yí padà láti kékeré dé àgbà sì wọ inú ohun tó kọ lẹ́yìn náà nípa bí ewéko ṣe ń dàgbà. Ó ṣì wà láàyè dòní nínú ilé gíláàsì tí wọ́n kọ́ yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ àti ààbò ló fi rí ọdún tó lé ní 400. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, yàrá tó mọ́lẹ̀ tí wọn kì í tan hítà sí ló yẹ kó fi sí.

Kòkòrò tí ojú ò tètè rí

Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, àwọn kòkòrò pupa tíntìntín, ìbátan aláǹtakùn, máa ń pọ̀ sí abẹ́ ewé. Gígùn wọn kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Níbi tó bá gbóná dáadáa, ẹyin wọn lè di àgbà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pẹ tó dára lọ́sẹ̀ yìí fi lè ṣì lójú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mú bébà funfun, ẹ gbé e sábẹ́ imọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ gbá imọ̀ náà pẹ́pẹ́. Bí ohun kóńkóló bíi lẹ́búlẹ́bú bá já sórí bébà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn ni. Lára ewé, ẹ máa rí àmì wínníwínní tó ṣì, lẹ́yìn náà okùn aláǹtakùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní oríkèé imọ̀.

Ẹ gbé ìkòkò lọ sábẹ́ ṣáwà, ẹ fi ọ̀rá bo ojú ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi omi wọ́ọ́rọ́ fọ abẹ́ gbogbo ewé. Bó bá gbẹ, ẹ fi ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ohun ọ̀gbìn wọ́n ọn. Ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ẹ̀ẹ̀kan kò lè kan ẹyin. Bó bá jẹ́ kòkòrò funfun bí òwú tàbí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìtì imọ̀ bí ìpẹ́ ni, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀bẹ kì í ṣe oògùn

Ẹ má tètè gé imọ̀ tó ń pọ́n. Nígbà tí oúnjẹ bá ṣọ̀wọ́n, imọ̀ àgbà ni ọ̀pẹ ti ń fa pọ́táṣíọ̀mù lọ fún mọ̀rìwò. Ẹni tó gé e ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, imọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ló sì máa kàn. Ẹ dúró dìgbà tó bá gbẹ tán. Bó bá jẹ́ pé ṣóńṣó nìkan ló gbẹ, ẹ fi sísọ́ọ̀sì tó mú gé e, àmọ́ kí ẹ fi etí gbígbẹ náà sílẹ̀ díẹ̀; bí ẹ bá gé wọ ibi tó tutù, ojú ọgbẹ́ yẹn náà á gbẹ.

Láti oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kejì, ẹ má fún un ní ajílẹ̀. Gbòǹgbò tó ń sinmi kò lè lò ó, iyọ̀ rẹ̀ á kàn máa jó o ni. Ẹ má sì pààrọ̀ ìkòkò lásìkò yìí, torí ọ̀pẹ kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, pàápàá nígbà tí kò lókun láti hu òmíràn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti jí

Ní ìparí oṣù Kejì, ẹ mú bírò, kí ẹ fi àmì kékeré sí ara mọ̀rìwò níbi tó ti yọ láàárín ìtì imọ̀ tó yí i ká. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àmì náà bá ti sún sókè kúrò níbi tí ẹ fi í sí, ọ̀pẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà náà ni kí ẹ jẹ́ kí omi máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì mú ajílẹ̀ tó ní pọ́táṣíọ̀mù àti magnésíọ̀mù jáde, ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àmì kò bá tíì kúrò lójú kan, ẹ má kánjú; ẹ ṣì wà nínú ìgbà òtútù, ohunkóhun tí kàlẹ́ńdà ì báà wí.

Oòrùn oṣù Kẹta lágbára ju ti Kejìlá lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ fa ìkòkò sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé gúúsù. Ẹni tó fẹ́ gbé e síta, kó dúró dìgbà tí òru kò bá tutù tó dígírí 13 mọ́, kó sì kọ́kọ́ fi í sábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀pẹ tó bá la òtútù kọjá lè pàdánù imọ̀ kan tàbí méjì, ṣóńṣó ewé rẹ̀ sì lè gbẹ. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé ẹ kò tọ́jú rẹ̀. Iye imọ̀ kọ́ la fi ń díwọ̀n iṣẹ́ yìí. Bí mọ̀rìwò bá dúró ṣánṣán nígbà tí oṣù Kẹta wọlé, ẹ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, imọ̀ tuntun tó ń bọ̀ á sì dí àyè èyí tó lọ.